Mo Fẹ́ San Owó Ohun Tí Wọn Kò Tà Fún Mi

Kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ nínú mi báyìí, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí lè mọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ ẹbọ àti ìràpadà. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìsìn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo jẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé pé Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, wọ́n á kọ́ ọ sórí, èmi náà á sì yìn wọ́n. Ká ní ọ̀kan nínú wọn bi mí pé báwo ni ikú ẹnìkan ṣe ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ariwo ni ǹ bá fi dá a lóhùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn, mò ń lò ó nígbà tó bá wù mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára olórí ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ káàkiri ayé, wọn kì í sì í pariwo kí wọ́n tó ṣọṣẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí mo sì ń bì láràárọ̀, méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán. Wọ́n gbé mi sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lójú mi, ó ń gba inú rọ́bà kọjá, ó ń padà wọlé. Ẹni tí kò bá tíì rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ níta bẹ́ẹ̀ rí lè máa kọ orin nípa ẹ̀jẹ̀ láìronú. Èmi náà ti kọ ọ́ rí.

Àwọn ará ìjọ ń wá kí mi. Púpọ̀ nínú wọn ṣe dáadáa, wọ́n jókòó tì mí, wọn kò sọ̀rọ̀ jù. Àwọn kan gbé ìbéèrè inú Jòhánù 9 wá láìmọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù nípa afọ́jú nì: ta ló ṣẹ̀, ọkùnrin yìí ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Wọ́n ní kí n rántí bóyá ẹ̀jẹ́ kan wà tí mo jẹ́ tí n kò san. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kò níṣẹ́ méjì ju ìrònú lọ. Mo ronú, mo sì rí ẹ̀jẹ́. Ta ni kò ní rí? Bó ṣe di pé mo gbà lọ́kàn mi pé gbèsè Ọlọ́run ló dá mi dùbúlẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, orí èrò yẹn ló dúró lé.

Ọ̀rọ̀ wá kan fífi kíndìnrín sílẹ̀. Màmá pe ìpàdé ẹbí. Bàbá wa kan, alàgbà ìjọ ni, ló ṣí ìpàdé pẹ̀lú Bíbélì. Jẹ́nẹ́sísì 22 ló kà. Ó wo àwọn ọmọ ìyá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní bí Ábúráhámù bá lè gbé Ísáákì lọ sórí òkè Mòráyà, kí ló dé tí ẹ̀yin kò ní lè fi ẹ̀yà ara kan lélẹ̀ fún ọmọ ìyá yín? Gbogbo ilé ní Àmín. Àbúrò mi ọkùnrin jókòó sí ìtòsí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Mo rí i. N kò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ yè, mo sì rò pé tí mo bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà lè bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí Jẹ́nẹ́sísì 22, ọ̀pọ̀ nínú wọn dá dúró síbi tí ọwọ́ Ábúráhámù gbé ọ̀bẹ sókè. Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ohùn ké láti ọ̀run pé kó má fọwọ́ kan ọmọ náà, àgbò kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ìwo rẹ̀ há sínú igbó. Àgbò ló fi rúbọ, ó sì sọ ibẹ̀ ní Olúwa yóò pèsè. Nígbà tí àwọn ọmọ Júdà ń fi ọmọ wọn sun nínú iná, Ọlọ́run gbẹnu Jeremáyà sọ pé òun kò pàṣẹ irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wá sí òun lọ́kàn. Ó wà ní orí 7, ó tún wà ní orí 19. Míkà 6 béèrè bóyá kí ènìyàn fi àkọ́bí rẹ̀ san ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn rẹ̀, ìdáhùn tó tẹ̀ lé e ni òdodo, àánú àti ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá ń fi òkè Mòráyà ti ẹlòmíràn sórí pẹpẹ, ó yẹ kó dúró kí àgbò dé kó tó pa Bíbélì dé.

Ilé ìwòsàn kò bá wa ṣe ìpàdé ẹbí. Wọ́n yẹ irú ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìbáramu ẹran ara wò, wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ ti àwọn tó fẹ́ fún mi láti mọ̀ bóyá yóò bá a jà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n mú olúkúlùkù wọn sínú yàrá lọ́tọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì bi wọ́n léèrè: ṣé ẹnì kan ń fipá mú ọ? Ṣé wọ́n ṣèlérí owó fún ọ? Ṣé o mọ̀ pé o lè yí ọkàn padà títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ? Màmá bínú pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe é bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Èmi pàápàá rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Wọ́n ní àyẹ̀wò kò gba àbúrò mi ọkùnrin. Ó kù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbà.

Mo ti ka Jòhánù 10:18 lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó mọ ìwúlò ìbéèrè àwọn dókítà wọ̀nyẹn. Jésù ní ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun fúnra òun ni òun fi í lélẹ̀. Bí a bá yọ gbólóhùn yẹn kúrò, àgbélébùú di ìpànìyàn lásán, ìpàdé àwọn alágbára lórí ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ohun tí Káyáfà, olórí àlùfáà, rò pé òun ń ṣe nínú Jòhánù 11 nìyẹn nígbà tó ní ó sàn kí ẹnì kan kú fún àwọn ènìyàn náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹni tó ń sọ ọ́ ló yàtọ̀. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ jàǹfààní bá sọ ọ́, ìfipámúni ni. Nígbà tí ẹni tó ń fi ara rẹ̀ lélẹ̀ bá sọ ọ́, ìfẹ́ ni.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Kíndìnrín tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an. Mo sunkún nítorí ìtọ̀, ẹni tó ti wà lórí ẹ̀rọ rí ni yóò mọ ìdí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó fi sílẹ̀ sábà máa ń jẹ̀rora ju ẹni tó gbà lọ. Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láìsí ohun tó ń ṣe é. Ní ọjọ́ kejì mo ń jẹun, ara mi ń fúyẹ́, ojú mi ń dán. Nínú yàrá tó tẹ̀ lé tèmi, ẹ̀gbọ́n mi kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mo gbọ́ ìkérora rẹ̀ gba ara ògiri. Àìsáyà 53 ní nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá. Mo ti kà á fún àwọn ọmọdé, mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí. Ní alẹ́ yẹn mo gbé ìrọ̀rí bo etí mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè nǹkan kan. Mò ń pè é láàárọ̀, mò ń pè é lálẹ́. Mò ń ra ohun tí kò nílò. Mo gba owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ san lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí, ọkọ rẹ̀ sì kà á sí àrífín, ó sì tọ́. Èyí tó burú jù ni pé n kò lè bá a jiyàn mọ́. Ọmọ ìyá tí a jọ ń jà láti kékeré! Ohunkóhun tó bá sọ, bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó bá dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tó mọ̀ pé n kò lè gbà láyé, mo sì mi orí. Inú bí i gan-an. Ó ní, “Àbúrò mi ni mo fún ní kíndìnrín, n kò fi ra ẹrú.” Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mi mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe sí i ni mo ń ṣe sí Ọlọ́run, àfi pé Ọlọ́run kò ní fóònù tó lè gbé sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí nínú ìjọ, mo jẹ́rìí. Oníwàásù kan sọ mí di àpẹẹrẹ, ó ní ẹni tí a ṣe irú oore yìí fún, ó yẹ kí ó máa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ san án. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, èyí tí omi pàápàá kì í kan ọ̀fun. Mo ń fi ohun tí ilé wa nílò ṣe ọrẹ. Tí mo bá sì ń gbààwẹ̀, n kì í lo oògùn àárọ̀, torí n kò fẹ́ kí nǹkan kan gba ẹnu mi wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kí n là á mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nírú ipò mi: oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín àlejò kò ní ọjọ́ ìsinmi. Wákàtí 12 síra ni wọ́n máa ń lo èyí tí wọ́n fún mi, lójoojúmọ́, títí kíndìnrín náà yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Ara kì í mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀ láé. Bí oògùn bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara á gbógun tì í. Omi sì ṣe pàtàkì fún un bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, dókítà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kó má ṣe gba ọ̀rọ̀ wòlíì, kó má ṣe gba tèmi náà. Ààwẹ̀ oríṣiríṣi ló wà. Dáníẹ́lì fi ẹran àti wáìnì sílẹ̀, kò fi omi sílẹ̀.

Àyẹ̀wò fi hàn pé creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ara ti ń kọ kíndìnrín náà. Wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi oògùn líle tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sípò. Dókítà bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Kò fèsì, ó ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó wá. Mo rò pé yóò pariwo. Ó fa àga, ó jókòó, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́: “Ṣé kíndìnrín mi lo fẹ́ fi rúbọ sí Ọlọ́run?”

Mo gbìyànjú láti dáhùn. Kò sí ìdáhùn.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tó ti ṣe díákónì tipẹ́, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Òun ló ní kí n fi ìwé ìwàásù sílẹ̀, kí n lọ ka Léfítíkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n má fo ohunkóhun, lẹ́yìn náà kí n ka Hébérù. Mo ní Léfítíkù kẹ̀? Ó ní òun kò ní sọ nǹkan mìíràn fún mi títí màá fi kà á. Mo kà á lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó sú mi ní ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀rá, ìfun, eérú, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wọ́n. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí mi ò retí.

Mo ti rò pé ẹbọ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń gbé lọ fún Ọlọ́run láti fi tù ú nínú, bí ẹni tó ń bẹ ọba tí inú ń bí. Léfítíkù 17:11 yí i padà fún mi. Ọlọ́run ní ẹ̀mí ẹran wà nínú ẹ̀jẹ̀, “mo sì ti fi í fún yín” lórí pẹpẹ láti ṣe ètùtù fún ọkàn yín. Òun ló fi fún wọn! Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹran dé ẹnu ọ̀nà àgọ́, Ọlọ́run ló ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà náà ta wọ́n lọ́rẹ. Àgbò orí òkè Mòráyà náà nìyẹn.

Orí 5 wá bá mi sọ̀rọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ọ̀dọ́ àgùntàn, kó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ẹyẹ, kó mú ìwọ̀nba ìyẹ̀fun kíkúnná, láìsí òróró, láìsí tùràrí, a ó sì dárí jì í. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìdáríjì kan náà. Màríà alára, nínú Lúùkù 2, ẹyẹ méjì ti àwọn tí kò ní ni wọ́n mú wá. Ẹ́kísódù 30 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, olúkúlùkù yóò san ààbọ̀ ṣékélì gẹ́gẹ́ bí owó ìràpadà ẹ̀mí rẹ̀, olówó kò gbọ́dọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, tálákà kò gbọ́dọ̀ dín in kù. Mo ka ẹsẹ yẹn lákàtúnkà. Òfin gan-an dí mi lọ́nà. Kò sí ìlà tí mo lè kọ “àfikún láti ọwọ́ mi” sí.

Orí 6 nínú Léfítíkù tún wà, tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ẹni tó bá rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ ní láti dá nǹkan ọ̀hún padà fún onítọ̀hún, kó fi ìdá márùn-ún kún un, ní ọjọ́ tó bá mú ẹbọ ẹ̀bi rẹ̀ wá. Ọlọ́run kò gba ẹran dípò ohun tí a jẹ ènìyàn. Mo rántí owó ilé tí mo ti fi ṣe ọrẹ, mo rántí ìyàwó mi tó ń dákẹ́.

Mo wá bọ́ sí Hébérù. Orí 10 sọ pé àlùfáà gbogbo ń dúró lójoojúmọ́, ó ń rú ẹbọ kan náà lemọ́lemọ́, ẹbọ tí kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò láé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí, lẹ́yìn tó ti rú ẹbọ kan fún ẹ̀ṣẹ̀ títí láé, ó jókòó. Mo padà sí Ẹ́kísódù, mo wo gbogbo ohun èlò tó wà nínú àgọ́ náà: tábìlì, ọ̀pá fìtílà, pẹpẹ tùràrí, àpótí ẹ̀rí. Kò sí àga níbẹ̀. Iṣẹ́ àlùfáà kì í tán, kí ni yóò fi àga ṣe? Olórí àlùfáà ń wọ ibi mímọ́ jùlọ ní Ọjọ́ Ètùtù, ní ọjọ́ kan láàárín ọdún, òbúkọ kan á kú, a ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ lé èkejì lórí, a ó lé e lọ sínú aginjù. Ní ọdún tó ń bọ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Jésù ní “Ó parí”, ó sì jókòó. Èmi ni mo ṣì ń dúró, tí mò ń sáré yí pẹpẹ tí wọ́n ti pa iná rẹ̀ ká.

Ẹnì kan lè bi mí pé bí ìràpadà bá jẹ́ owó tí a san, ta ló gba owó náà? Èmi náà béèrè, torí Jésù fúnra rẹ̀ ní Máàkù 10:45 ní òun wá láti fi ẹ̀mí òun ṣe ìràpadà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn àgbà ìgbàgbọ́ ti bá a jà tipẹ́. Origen, ní ọ̀rúndún kẹta, ní èṣù ni a san án fún. Gregory ará Nazianzus, ní ọ̀rúndún kẹrin, ní ohun ìtìjú ni kí olè gba owó lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì gbà pé Bàbá ló béèrè ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ̀. Anselm, tó kú ní 1109, ní ọlá Ọlọ́run tí ẹ̀ṣẹ̀ wa tàbùkù sí ni a ní láti dá padà. Ohun tí mo dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni Ẹ́kísódù 6:6. Ọlọ́run ní òun yóò fi apá nínà ra Ísírẹ́lì padà kúrò ní Íjíbítì. Ẹ lọ wò ó bóyá Fáráò gba kọ́bọ̀. Ó ná Ọlọ́run ní nǹkan, àmọ́ kò sí ẹni tó fún un ní rìsíìtì. Ibi tí ó rà wọ́n sí ló jẹ mí lógún jù: Gálátíà 4 ní ó rà wá padà kí a lè di ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ kí n tó kà á, nígbà tó ní òun kò fi ra ẹrú.

N kò sọ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe àti ohun tí Kristi ṣe dọ́gba. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ ọ́ mọ́ nínú ìjẹ́rìí. Ó ní méjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀, ó ṣì ń bá ayé rẹ̀ lọ. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni mo jẹ́, kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Róòmù 5 ní nígbà tí a jẹ́ ọ̀tá ni a fi ikú Ọmọ rẹ̀ bá wa làjà. Ìyàtọ̀ tó tún dùn mọ́ mi jù ni ti oògùn. Kíndìnrín yìí, èmi ni mo ní láti tọ́jú rẹ̀, bí mo bá ṣe àìbìkítà, yóò kú. Ìràpadà kò sí lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó tó àsìkò kan kí n tó lè sùn lórí ìyẹn.

Mo rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi tán. Àbúrò mi ọkùnrin wá sílé wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti ń yẹra fún mi tipẹ́, mo sì ti kà á sí pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ sọ ohun kan. Ó ní àyẹ̀wò òun bá tèmi mu. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn tí wọ́n bi í léèrè, ó sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń ba òun, àwọn ọmọ òun kéré, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ nílé. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn yóò sọ pé àyẹ̀wò kò gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń bá ènìyàn bo irú àṣírí bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí ẹbí bá ti ń yin ẹ̀gbọ́n wa, òun ń jókòó síbẹ̀.

Inú bí mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Inú bí mi débi pé mo dìde kúrò lórí àga. Èmi tí mo ti gba kíndìnrín, tí mo ti ka Léfítíkù, tí mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ Mátíù 18 ló mú mi jókòó padà: ẹrú tí ọba fi gbèsè tálẹ́ńtì 10,000 jì, tó jáde tó sì di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí dínárì 100, owó iṣẹ́ 100 ọjọ́. Àbúrò mi tiẹ̀ sàn ju ẹlẹgbẹ́ yẹn lọ, torí kò jẹ mí ní dínárì kan. Bí “rárá” rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé “bẹ́ẹ̀ ni” ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, owó orí ni. N kò lè di méjèèjì mú. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ìpàdé ọjọ́ yẹn, tí mo rí i tó ń wo ilẹ̀ tí n kò sì sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà, a ṣì ń bá a yí.

Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú oore yìí fún, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n bi ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó fẹ́, dípò kí n máa rò ó fún un. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: kí n máa lo oògùn, kí n máa bá a jiyàn, kí n má fi í ṣe ìwàásù. Mo dá owó ilé wa padà fún ìyàwó mi díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìdá márùn-ún lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ọrẹ mi ṣì ń lọ, ó kéré, kò sì ní orúkọ gbèsè mọ́. Hébérù 13 ka ìyìn àti ṣíṣe rere àti pínpín ohun tí a ní fún ọmọnìkejì mọ́ ẹbọ tó wu Ọlọ́run. Ìyẹn ni mò ń bá ṣe. Ẹni tó bá sì jẹ́ alàgbà tàbí pásítọ̀ tí wọ́n pè sí irú ìpàdé tiwa, mo bẹ̀ ọ́, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bóyá ó fẹ́ jáde, kí o tó ṣí Bíbélì.

Kíndìnrín tí ẹni tó wà láàyè fi sílẹ̀ sábà máa ń lò tó ọdún 15 sí 20, ti àwọn mìíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti sọ fún Màmá pé bí èyí bá dákẹ́, kí wọ́n má pe ìpàdé. Màá padà sórí ẹ̀rọ, màá fi orúkọ mi sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Màmá ní òun gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má gbàgbé oògùn alẹ́. Bàbá wa tó ka Jẹ́nẹ́sísì kò tíì fèsì.